Àwọn Ẹ̀gà Orí Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé Mi

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ariwo ẹ̀gà sì ti gba orí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé mi kan. Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, èmi náà á sì gbé àpótí jáde láti máa wò wọ́n.

Akọ ló ń kọ́ ilé. Á fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ, á wá fò lọ kí ewé náà lè ya tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Ẹsẹ̀ á di imọ̀ mú, ẹnu á máa ti okùn yẹn wọlé, á tún fà á jáde lódì kejì. Òrùka kan ló kọ́kọ́ máa ń ṣe, inú rẹ̀ ló ń dúró sí láti hun ìyókù. Ẹnu ọ̀nà ilé náà kọjú sílẹ̀.

Tó bá parí, á dorí kodò lábẹ́ ilé náà, á máa gbọn ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, á máa pe abo. Abo kì í yára gbà o! Á wọlé, á fa ewé níbí, á fà á lọ́hùn-ún. Ewé tútù ló ń fẹ́. Ilé tó bá ti gbẹ tí kò rí ẹni gbà á, akọ fúnra rẹ̀ ló máa tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìforítì yìí wú mi lórí gan-an.

Àwọn kan ní kí n lé wọn, torí wọ́n ti ya imọ̀ ọ̀pẹ náà tán. Mi ò ní lé wọn. Ọ̀pẹ á yọ imọ̀ tuntun. Abo kan ti ń kó koríko rírọ̀ wọ ilé apá ọ̀tún, ẹyin ò ní pẹ́ dé.