Ẹni tí a gbé ọmọ odó lé lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìtàn ẹbí àbápàdé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ níbí ní Èkìtì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn sórí fóònù lóru nígbà tí iná bá ti lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, fan fiction ni mo yàn, ìyẹn ìtàn tí ẹni tó fẹ́ràn ìwé tàbí eré kan fi àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kọ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo oríṣi tó wà níbẹ̀, ìtàn ẹbí àbápàdé ló gbà mí lọ́kàn jù: àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìyá, tí wọn kì í ṣe ará ìlú kan náà, tí ogun tàbí ìyà tàbí iṣẹ́ kó jọ sábẹ́ òrùlé kan, títí wọ́n fi di ẹbí ara wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni. Ọdún 1966 ni Star Trek bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, nígbà tó sì fi di 1967, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti ń tẹ ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Spockanalia, tí ìtàn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ wà nínú rẹ̀. Archive of Our Own, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó irú ìtàn yìí sí, tí gbogbo wa ń pè ní AO3, wà lọ́wọ́ àjọ kan tí kò wá èrè, tí àwọn òǹkàwé àti òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí dá sílẹ̀ ní 2007. Ní 2009 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń bójú tó o, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì àti ti àràmàǹdà, ní 2019. Ẹ fi èyí sọ́wọ́ tí ẹ bá ń lọ bá olùkọ́ yín nípa àkòrí iṣẹ́.

Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí ìtàn bá jẹ́ ti ìfẹ́ láàárín ẹni méjì, ilà tó dagun yìí, /, ni wọ́n ń fi sáàárín orúkọ wọn. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tàbí ti ẹbí, & ni. Found Family, ìyẹn ẹbí àbápàdé, náà ní táàgì tirẹ̀, àmì tí èèyàn fi ń wá irú ìtàn tó fẹ́. Ẹnì kan lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ìwòròkò, kó ní òun kò fẹ́ ìtàn ìfẹ́ lálẹ́ òní, àwọn tó ń tọ́jú ara wọn ni òun fẹ́ kà nípa wọn, yóò sì rí i.

Kí ló wá dé tí ìtàn yìí fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká mú Naruto, ọmọkùnrin inú ìtàn alá​wòrán ilẹ̀ Japan, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ jù mí lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni bàbá àti ìyá rẹ̀ kú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án tó ba ìlú jẹ́ lọ́jọ́ náà, inú ọmọ yìí ni wọ́n sé e mọ́, gbogbo ìlú sì ń sá fún un. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí kan náà ló pa òbí Iruka, olùkọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Iruka ló ń mú un lọ jẹ ramen, ìyẹn núdùlù ọlọ́bẹ̀ tiwọn, òun ló fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ohun ìjà tí wọ́n jù sí i, òun ló bọ́ ọ̀já iwájú orí tirẹ̀, àmì pé èèyàn ti di ninja, fún un. Ẹni tó ní ìdí jù lọ láti kórìíra ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbà á.

Ìtàn gangan kò lè pẹ́ níbẹ̀, ogun ń dúró dè é. Ibi tó ti kúrò ni àwọn tó ń kọ fan fiction ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí Iruka bá mú ọmọ yìí wọlé ńkọ́? Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí ibà bá mú un, ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè pe ẹlòmíràn dìde? Òǹkàwé ti mọ egbò náà tẹ́lẹ̀, kò sídìí láti fi orí mẹ́ta ṣàlàyé rẹ̀, gbogbo àyè ló ṣí sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Agbára fan fiction nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí irú ìtàn yìí bá a mu ju ọ̀pọ̀ oríṣi mìíràn lọ.

Àwọn tó dára jù nínú ohun tí mo kà kì í sábà jẹ́ kí ẹ̀dá kankan sọ pé "ẹ ti di ẹbí mi". Iṣẹ́ ilé ló ń sọ ọ́. Ní Èkìtì, tí àlejò bá wọlé, a ó fún un lómi, a ó gúnyán fún un, a ó wá ẹran tó dára fi sí i. Kò sẹ́ni tó máa ní kó wá gúnyán. Ọjọ́ tí ìyá ilé bá gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́ láìbẹ̀ ẹ́, tó tún bá a wí pé iyán náà ní kókó, ọjọ́ náà ló di ọmọ ilé. A kì í bá àlejò wí. Tí ẹ bá ń wá ibi tí omijé òǹkàwé máa ti bọ́, ẹ wò ó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kò tó, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Gbogbo wa mọ ilé tí wọ́n ti ń pe ọmọ àgbàtọ́ ní ọmọ ilé, tó jẹ́ òun ló ń gúnyán, tí àwọn yòókù ń jẹ, tí òun ń jókòó sí kíṣínì, tí kò sì lọ sílé ìwé. Ẹni tó kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó pè é ní ẹbí ti pa irọ́. Ẹni tó gún un gbọ́dọ̀ bá wọn jẹ ẹ́, kó sì lè bínú, kó gbá ilẹ̀kùn tì, kí oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà ní bíbò tó bá padà jáde.

Mi ò gba ti àwọn tó ń sọ gbogbo ìbátan di ìkà kí ẹbí tuntun lè dára. Ní 1938, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ni Fágúnwà ti kó Àkàrà-ògùn, Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù jọ sójú ọ̀nà Òkè Láńgbòdó. Iṣẹ́ tí ọba rán wọn ló pa wọ́n pọ̀, ohun tí ẹnì kan kò ní, ẹlòmíràn ní in. Kò sídìí kí á ba orúkọ ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wá jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn tó lè wù wá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ gbé dání ni èyí. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìtàn yín, obìnrin aránṣọ kan ní Adó ló tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀. Ọjọ́ ìdána rẹ̀ dé. Bàbá rẹ̀ gangan, tí kò béèrè rẹ̀ rí, ti Ìjerò dé pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí, wọ́n sì fún un ní àga iwájú, torí òun ló ni orúkọ ọmọ. Ṣé wọ́n fún aránṣọ náà ní aṣọ ẹbí, àbí aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n tà fún un? Nígbà tí alága ìjókòó bá ní kí ìyàwó lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n súre fún un, iwájú ta ni yóò lọ? Kí ni àwọn àgbà máa ṣe tó bá yà sí ẹ̀yìn, níbi tí obìnrin náà jókòó sí?

Àwọn ìtàn òkèèrè tí mo kà kò dáhùn èyí, torí wọn kò ní irú àga yẹn láti dù. Ẹ̀yin lẹ ní in. Ẹni tó bá ti ń kọ ọ́ nínú yín, tàbí tó bá kọ́kọ́ kọ ojú ewé méjì péré, kó fi ránṣẹ́ sí mi. N ó kà á lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, n ó sì kọ èsì sí i.