Ariwo Lórí Ọmọ Ọdún 18

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Òkúdù, 2024

Wọ́n ti pe Tij Iginla. Ẹni kẹfà ni nínú draft NHL tọdún yìí ní Las Vegas. NHL ni líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, draft sì ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré lọ́kọ̀ọ̀kan. Utah ló mú un, òun sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ tuntun náà máa yàn. Inú mi dùn gan-an, nítorí tiwa ni: Nàìjíríà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti lọ sí Kánádà, Adekunle sì wà lára orúkọ tí Jarome bàbá rẹ̀, tóun náà gbá họ́kì ní NHL, ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ariwo tó ṣáájú alẹ́ yìí ti sú mi. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń to àwọn ọmọ náà lẹ́sẹẹsẹ: ta ni yóò ṣe ìkíní, ta ló já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ta ni kò yá tó lórí yìnyín. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ náwó gbọ́dọ̀ wádìí, n ò bá wọn jà sí ìyẹn. Àwa òǹwòran ni ọ̀rọ̀ wa ń dùn mí, tí a gba ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn bí ẹni pé Ifá ló sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ẹ wo Macklin Celebrini tí San Jose kọ́kọ́ mú lónìí. Ọmọ ọdún 17 ló gba àmì-ẹ̀yẹ Hobey Baker, ti agbá-họ́kì tó dára jù ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó kéré tó o tó gbà á rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí kan náà ni wọ́n kéde pé Pavel Datsyuk ti wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni họ́kì. Orúkọ 170 ni wọ́n pè nínú draft ọdún 1998 kí wọ́n tó kan tirẹ̀!

Ti Alexandre Daigle ni mi ò lè gbàgbé. Ottawa mú un ṣe ìkíní lọ́dún 1993, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 12.25 dọ́là, kó tó gbá eré kan ṣoṣo ní NHL. Ó ní inú òun dùn pé òun ni ìkíní, torí kò sẹ́ni tó ń rántí ìkejì. Ìkejì yẹn ni Chris Pronger, tó gba Hart, àmì-ẹ̀yẹ eléré tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní NHL, lọ́dún 2000. Títí dòní ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú Daigle. Ọmọ ọdún 18 ló sọ ọ́, àgbàlagbà ló sì ti ń kó o sí i létí pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí.

Lọ́dún 2022 wọ́n ṣe é fún Shane Wright, tí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15. Montreal mú Juraj Slafkovský, Wright sì já sí ìkẹrin, ní Seattle. Ńṣe ni kámẹ́rà ń wá ojú rẹ̀ kiri, tí wọ́n ń sọ pé ó ń fi ojú burúkú wo tábìlì Montreal. Ojú ọmọdé tí nǹkan ò rí bó ṣe rò ni kẹ̀!

Ní ti Jarome, ìkọkànlá ni lọ́dún 1995. Dallas tó mú un tún fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Calgary kó tó gbá eré kankan fún wọn. Góòlù 625 ló gbá sáwọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì.

Iye yẹn ni wọn yóò máa gbé ka iwájú Tij báyìí. Kò tíì pé ọdún 18, ó di oṣù Kẹjọ. Ó gbá góòlù 47 fún Kelowna, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà, lọ́dún yìí, mo sì fẹ́ kí Utah jẹ́ kó padà síbẹ̀ fún ọdún kan sí i, láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀, kí wọ́n má kánjú gbé e wọ NHL nítorí orúkọ tó wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.