Gbèsè Tí A Fi Sùn

Alẹ́ Àlàádì ni mò ń kọ èyí. A ti padà sí Òkèlele, éésì ti kúrò lára wa, àwọn yànmùyánmú sì ti ń béèrè ibi tí a gbà lọ.

Ogún ọdún pé lóṣù yìí tí wọ́n so yìgì èmi àti Bàbá Ìbejì. Mo gbọ́ pé ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lójúde wa ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé a ti wọ bàálù, nítorí ó rí àpótí tí mo fà jáde lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, GRA ni a lọ. Ìlọrin náà ni GRA wà. Bí kò bá sí gòsíló, ọ̀nà ibẹ̀ ò jìn rárá.

Owó tí a fi sùn níbẹ̀, gbèsè ni. Kì í ṣe èyí tí a jẹ o, èyí tí wọ́n jẹ wá ni. Kápẹ́ńtà ni ọkọ mi, apá Sawmill ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́dún tó kọjá, òtẹ́ẹ̀lì kan tí n kò ní dárúkọ gbé iṣẹ́ wọ́dúróòbù fún un, yàrá òkè pátá. Wọ́n san ìdajì, ó fi ra pákó. Ó ṣe é, ó kó o lọ, ó tò ó síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni bálánsì ti di "ẹ yẹ̀ wá wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ nílùú yìí mọ orin yẹn, ó tún mọ ègbè rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni mánéjà wọn pè é pé owó ò tíì sí nílẹ̀, àmọ́ yàrá wà. Kó mú ìyàwó rẹ̀ dání, kí wọ́n wá fi òpin ọ̀sẹ̀ jayé orí wọn nínú yàrá tó dáa jù, oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó tó kù. Nígbà tí Bàbá Ìbejì délé, inú bí i débi pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni n ó gbé lọ fún àwọn tó ń ta pákó fún mi?"

Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́. Owó tí wọn ò san láti ọdún tó kọjá, wọn ò ní san án lóṣù yìí. Oṣù yìí gan-an ni ogún ọdún wa sì pé."

Ó wò mí títí. "Ìyá Ìbejì, o ti palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn?"

Mo ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gba ti mánéjà náà. Ànábì ní kí á fún òṣìṣẹ́ lówó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ti Bàbá Ìbejì ti gbẹ, ó tún ti làágùn òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo mọ bí èèyàn ṣe ń gba ìdajì owó oṣù kó sì máa dúpẹ́, n kò wá ní fi ìbínú kọ ohun tí mo lè fi ara gbádùn.

Mẹ́gáàdì ló kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní géètì. "Kápẹ́ńtà! Ẹ̀yìn lẹ máa gbà o." Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tó ń gbé pákó wọlé. Bàbá Ìbejì tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Lónìí, iwájú ni." Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ojú ọkọ mi ti kọ́kọ́ wálẹ̀.

Yàrá náà tóbi. Tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri kan, bẹ́ẹ̀dì tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ kí n tó gbà pé mo lè jókòó sí i, aṣọ funfun tí mo ń bẹ̀rù láti fi ìpara ẹsẹ̀ mi bà jẹ́. Bàbá Ìbejì ò wo ọ̀kan nínú wọn. Ìdí wọ́dúróòbù ló lọ tààrà. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún un ṣí, ó dẹtí sí i. Ó lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra abẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó fi ìka kan ojú ìdè kan, ó pòṣé.

"Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ tú síkúrù yìí."

"Ẹ jẹ́ ká jókòó ná."

"Ọ̀gánwó ni iwájú yìí o, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe pílíwúùdù tí wọ́n kùn. Ọ̀gánwó gidi ni."

Mo bá ṣí àpótí wa, mo mú dàńṣíkí rẹ̀ àti ìró mi jáde, mo fi wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó dìde, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ó ti ṣe wọ́dúróòbù fún ọ̀gá, fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, fún ilé ìwé, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Bó bá ti tò ó tán, ó di kó máa lọ nìyẹn, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Aṣọ tó ń gbé inú rẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn ni. Tilé tiwa ńkọ́? Ilẹ̀kùn kan ti yọ lára rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Ìbejì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń ka ìwé JAMB báyìí. Okùn ni mo fi ń so èyí tó kù.

N kò sọ ìyẹn fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo lọ wẹ̀. Omi gbígbóná ń tú láti òkè láìsí pé mo dáná, láìsí pé ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn pé "Mọ́mì, ó kù mí." Mo dúró sábẹ́ rẹ̀ títí ìka mi fi hunjọ. Ibi tí a ó kọjú sí fún ìrun ò fún wa ní wàhálà, Bàbá Ìbejì ti ń kírun nínú yàrá yẹn láti ìgbà tí kò tíì sí kọ́tìnnì kankan lójú fèrèsé.

Oúnjẹ àárọ̀: kí wọ́n má bínú, mo ti jẹ àkàrà tó dáa ju tiwọn lọ ní ẹ̀bá títì. Tiwọn kéré, ó gbẹ, wọ́n wá fi ewé kan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìkòkò tíì, ó ní, "Màmá, ṣé kí n fi kún un?" Mo ní kó fi kún un. Ó tún padà wá, mo ní kó fi kún un. N kò fẹ́ràn tíì tó bẹ́ẹ̀.

Sátidé, a lọ sí Èsìẹ́. Bàbá Ìbejì ìbá fẹ́ ká lọ wo omi Òwu tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ìfẹ́lódùn, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gba ọ̀nà igbó mọ́. A ṣátà mọ́tò. Mo ti sọ pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní fún mi pọ̀ mọ́ èèyàn mẹ́ta lórí àga ẹ̀yìn. A gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òró, a yà sí Èsìẹ́.

Mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kíkọ ọ́ yàtọ̀ sí kí èèyàn wọlé kó bá wọn lórí ìjókòó. Ère òkúta tó lé ní 800, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, irun dídì orí wọn ṣì yọ kedere, àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́. Orí ọ̀pọ̀ ti kán. (Áfáà àdúgbò wa ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ère la lọ wò.) Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n sì di òkúta. Ta ló gbẹ́ wọn gan-an, títí dòní, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bàbá Ìbejì ti lóṣòó sídìí ọ̀kan. Mo mọ ìlóṣòó yẹn.

"Àlejò kọ́. Ẹnì kan jókòó gbẹ́ èyí. Wo ẹ̀yìn àpótí tó jókòó lé, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò, ó dán án bákan náà."

Ẹni tó ń mú wa kiri ṣàlàyé fún un pé òkúta náà rọ̀, pé irin lè gbẹ́ ẹ. Ó mi orí. Ó wo ère náà lójú, ó ní, "Ṣé wọ́n sanwó rẹ̀ tán báyìí?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, ó di ògiri mú.

Nígbà tí a padà dé, a jókòó létí odò ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò, wọn ò wọ inú omi. Èmi ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Bàbá Ìbejì ti pa fóònù rẹ̀, nítorí náà kò sí oníbàárà tó ń béèrè àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ní àga àkọ́kọ́ tí òun dá ṣe, alhaja kan tó sanra ló wá rà á, ó jókòó, ẹsẹ̀ kan yẹ̀, alhaja sùn gbalaja sínú fùlùfúlù igi. Ọ̀gá rẹ̀ lé e kiri ọjà. Ó ń fi ọwọ́ ṣe bí alhaja náà ṣe ń ké, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ó máa ń wọlé, á jẹun, á béèrè bóyá iná wà, á sùn. Mo wò ó, mo rí ọmọkùnrin tó ń wá sí ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà pẹ̀lú kọ̀ǹtáínà wàrà lọ́wọ́ fún ìyá mi.

Ní àárọ̀ yìí, mánéjà dúró dè wá nísàlẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ṣé a gbádùn? A gbádùn. Inú òun dùn. Àwọn fẹ́ kọ́ yàrá sí i lẹ́yìn, yóò gba wọ́dúróòbù, yóò gba ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹlòmíràn tí àwọn fẹ́ gbé e fún. Ní ti ìyókù owó àtijọ́, bí ìyàwó bá ti gbádùn yàrá tó báyìí, a tún lè padà wá lásìkò Iléyá...

"Owó ni," ni mo wí, kí ọkọ mi tó la ẹnu. "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fún wọn lówó. Kí ẹ tó fún wọn níṣẹ́ tuntun, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé."

Mánéjà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Bàbá Ìbejì, ó ń dúró kó bá a pa mí lẹ́nu mọ́. Bàbá Ìbejì ò tilẹ̀ gbọ́ wa. Ó ti fi ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí rẹ̀, ó ti yọ téèpù jáde, ó ń bi ọmọ tó wà nídìí káńtà pé ẹ̀yìn ibo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí.