Bọ́ọ̀dù gbohùngbohùn gìtá: fèrè inú rẹ̀ ti dákẹ́

Ó ti dákẹ́, fèrè tó ń ké nínú bọ́ọ̀dù tí mo ń kọ́ láti fún gìtá mi ní gbohùngbohùn! Aago méjìlá òru ti kọjá, èéfín lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń jó wáyà ṣì wà nínú yàrá, àmọ́ oorun ò kun ojú mi rárá.

Iṣẹ́ tó ti parí kò pọ̀ lẹ́nu: mo ti lu ihò àpótí tán, nọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọlé, jáàkì méjèèjì ti jókòó. Fèrè yẹn ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi.

PT2399 méjì ni mo lò, ìyẹn IC tó ń dá ohùn dúró díẹ̀ kó tó tú u jáde bíi gbohùngbohùn; ọ̀kan ń gbé ohùn fún èkejì, nítorí tí ẹyọ kan bá ti ń dá ohùn dúró tó bíi milisẹ́kọ́ǹdù 340, ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀. Bí mo bá ti yí nọ́ọ̀bù báyìí, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ké fíííì, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á pòórá, á tún yọjú níbòmíì. Ádápítọ̀ tó ń fún un níná ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ iná lọ, mo fi bátìrì fóltì 9 gbé e. Kíkùn hùùù bíi ti oyin tó wà lábẹ́ ohùn lọ pátápátá, fèrè ò kúrò. Mo wá fa IC kejì yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi wáyà kan gbé ohùn ti àkọ́kọ́ jáde: kẹ́kẹ́ pa. Mo dá a padà, fèrè tún bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti yé mi. IC kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀ nínú, tó ń lù ní mílíọ̀nù ìgbà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Etí kò lè gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ tí aago méjèèjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń bọ́ sí ibi tí etí ti ń gbọ́, 78L05 kan ṣoṣo (èyí tó ń sọ iná di fóltì 5) tí wọ́n jọ ń mu iná lára rẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀. Mo tún ti kó gbogbo kàpásítọ̀ 104, àwọn tó ń pa ariwo orí iná, sí igun kan tó jìnnà sí IC, nítorí ó tò dáadáa lójú. Iná ń jó ní Bẹẹrẹ, omi wà ní Dùgbẹ̀.

Mo fún IC kọ̀ọ̀kan ní 78L05 tirẹ̀. Mo dojú bọ́ọ̀dù dé, mo jó 104 kan mọ́ ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 3 gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó èékánná, mo fi kàpásítọ̀ 100 máíkírò tì í. Ẹ kíyè sí 78L05 o: tí ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ bá kọ sí yín, apá òsì ni fóltì 5 ti ń jáde, òdìkejì 7805 ńlá ni. Mítà kà 4.98 níbì kan, 5.01 níbì kejì, kí n tó dá IC padà.

Ògùnpa ni mo ti ra gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ra PT2399 kan tí wọ́n yọ lára ampilifáyà káráókè, bàbá tó ń tà á gan-an kò gbà. “Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi, wọ́n ti jó o lẹ́ẹ̀mejì.” Ẹni tó bá tajà fún yín báyìí, ẹ má fi í sílẹ̀.

Ó ku súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án tó ń jẹ́ kí ohùn gba ẹ̀bá bọ́ọ̀dù kọjá. Ó ń dún pàù tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Rẹsísítọ̀ mẹ́gà-óòmù 1 láti ẹnu ìwọlé sí gíráǹdù, òmíràn ní ẹnu ìjáde, ó tán.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé iṣẹ́ parí, mo ní kí n ta gìtá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tẹ súìṣì láàárín orin, gbohùngbohùn gé pẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Kò dùn mọ́ mi rárá. Màá yí i padà: ohùn tó ń wọ IC àkọ́kọ́ nìkan ni súìṣì máa gé, kí èyí tó ti wà nínú máa rọra kú fúnra rẹ̀. Ohun tó máa ná mi ni pé gìtá ò ní lè kọjá mọ́ tí bátìrì bá kú, nítorí inú TL072, IC mìíràn tó ń fi iná gbé ohùn kọjá, ni ohùn rẹ̀ á máa gbà. Mo fara mọ́ ọn.

Àbúrò mi ti kan ògiri: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sùn.” Mo ti yọ wáyà méjì lára súìṣì náà. Ìyókù di ọ̀la.