Èwo nínú méjèèjì ni ti orí ẹṣin?

Ẹnìkan gbé idà méjì síwájú mi láàárọ̀ yìí, ó ní èwo lòun lè mú gun ẹṣin. Ẹ̀wà èkù ló ń wò. Gígùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò o! Orí gàárì ga. Bí irin idà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ óò máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá kó tó kan nǹkan, ibẹ̀ lèèyàn ti ń já bọ́. Bó bá sì gùn jù, ó lè ṣá ẹṣin fúnra rẹ̀ létí tàbí lọ́rùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e láti ọ̀tún sí òsì.

Ọwọ́ òsì ti di ìjánu mú, nítorí náà ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún idà. Kìlò kan tàbí díẹ̀ sí i ti tó.

Idà tí wọ́n ṣe ní 1796 fún àwọn agẹṣinjagun Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gbé ẹrù wúwo (light cavalry) tẹ̀ kọrọdọ, ó sì fẹ̀ lápá ṣóńṣó: ṣíṣá ni wọ́n ṣe é fún. Ti 1908 tọ́ gbọọrọ, ó tín-ín-rín: gígún ni tiẹ̀. Ẹni tó bá fi gún nǹkan gbọ́dọ̀ dẹ apá, kí eré ẹṣin fa idà náà yọ. Bó bá le apá gbagidi, ọrùn ọwọ́ lè yẹ̀. Kò sì pọn dandan kó tẹ̀ o: takouba, idà àwọn Tuareg ará aṣálẹ̀ Sàhárà, tọ́, ó lójú méjì, àwọn agẹṣinjagun ilẹ̀ Haúsá sì máa ń lò ó lórí ẹṣin láyé àtijọ́.

Ẹ so okùn awọ mọ́ èkù, kí ẹ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Idà tó bá bọ́ nígbà tí ẹṣin ń sáré, ó lọ nìyẹn.