Ohun tí eku aláìní risẹ́pítọ̀ kọ́ mi nípa sẹ́ẹ̀lì B

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè ní Kàbà, ní Ìsánlú àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí tó yé èmi fúnra mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, a kọ́ wa pé áńtíbọ́dì ni ohun ìjà tí sẹ́ẹ̀lì B, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan inú ẹ̀jẹ̀, ń tú jáde láti bá àrùn jà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku apá kan. Kí sẹ́ẹ̀lì náà tó tú ohunkóhun jáde, ó ti gbé áńtíbọ́dì rẹ̀ sára awọ gẹ́gẹ́ bí risẹ́pítọ̀, ìyẹn ohun tí ń gba àmì wọlé, kò sì lè dàgbà láìsí i.

Nígbà tí mo ń kàwé gba oyè kejì, wọ́n fún mi ní àbájáde ìwádìí kan láti túmọ̀, èyí tí a ṣe lára eku tí a ti ba apá kan jẹ́ nínú jíìnì tí ń jẹ́ kí áńtíbọ́dì dúró sára awọ sẹ́ẹ̀lì. Daisuke Kitamura, Klaus Rajewsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Köln, ní Jámánì, ni wọ́n ṣe àlàyé irú eku yìí ní ọdún 1991. N kò rí sẹ́ẹ̀lì B nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé eku náà kì í bí sẹ́ẹ̀lì B rárá. Àṣìṣe ni. Olùkọ́ mi ní kí n padà lọ wo mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí sẹ́ẹ̀lì B ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé, mo sì bá àwọn ọmọdé sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, tí wọ́n dúró sójú kan. A bí wọn. Wọn kò rí ọ̀nà kọjá ni.

Iṣẹ́ àwọn ìyá wa ní Bùnú ni mo fi lóye ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró a kọ́kọ́ na òwú tó wà lóòró, a sì fi ọwọ́ dán an wò bóyá ó le dáadáa, kí ó tó máa fi òwú tó wà níbùú kọjá láàárín rẹ̀. Bákan náà, nínú oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì tó para pọ̀ di áńtíbọ́dì, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, ẹ̀wọ̀n wíwúwo ni sẹ́ẹ̀lì B ń kọ́kọ́ tò, nípa gígé jíìnì rẹ̀ àti síso ó pọ̀ lọ́nà tuntun, ohun tí àwárí rẹ̀ mú kí Susumu Tonegawa gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Ní àkókò yìí, ẹ̀wọ̀n fífúyẹ́ kò tíì sí, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì á fi adelé rẹ̀ dán ẹ̀wọ̀n wíwúwo wò. Bí àwọn méjèèjì bá bá ara wọn mu, tí wọ́n sì dé ara awọ, àmì á wọlé pé kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i, kí ó sì máa to ẹ̀wọ̀n fífúyẹ́ gidi. Nínú eku tí mo ń wò, ẹ̀wọ̀n wíwúwo kò lè dúró sára awọ. Àmì náà kò wọlé.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni iṣẹ́ tí Kong-Peng Lam, Ralf Kühn àti Rajewsky tẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì B dàgbà tán pẹ̀lú risẹ́pítọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yọ risẹ́pítọ̀ náà kúrò. Èmi ìbá ti búra pé sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà kò nílò rẹ̀ mọ́ títí àrùn yóò fi dé. Kò pẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fi kú. Risẹ́pítọ̀ náà ni ẹ̀mí wọn so mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí eku tí sẹ́ẹ̀lì kan kò sí lára rẹ̀, ẹ béèrè ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà dúró sí, ẹ sì fi eku náà wé ọmọ ìyá rẹ̀ tí a bí pa pọ̀, nítorí bí eku ṣe ń dàgbà ni iye ọmọdé sẹ́ẹ̀lì B inú mùdùnmúdùn rẹ̀ ń dín kù. Ẹ má sì yára fi eku ṣe ènìyàn. Jíìnì Btk, tí ń bá risẹ́pítọ̀ yìí gbé àmì wọ inú sẹ́ẹ̀lì, bí ó bá bàjẹ́ lára ọmọkùnrin, agbára káká ni a fi ń rí sẹ́ẹ̀lì B nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lára eku, wọ́n dín kù ni, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà.