Àtúnṣe Tó Wọlé Wẹ́rẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa ní Adó-Èkìtì, ẹ̀kọ́ kan ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín nípa ìtọ́jú Linux kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn oníbàárà wa ń lò: àtúnṣe tó bá wọlé wẹ́rẹ́, tí kò fa ìforígbárí kankan pẹ̀lú kóòdù tó wà nílẹ̀, ni kí ẹ fura sí jù lọ.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá síra wọn ni ẹ̀dà tuntun ń ti ọ̀dọ̀ Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípadà ló sì máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń pa owó wọlé kò lè máa sáré tẹ̀lé irú eré bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Greg Kroah-Hartman àti Chris Wright fi dá ẹ̀ka stable sílẹ̀ ní ọdún 2005, níbi tí a ti ń fi àtúnṣe àṣìṣe kún ẹ̀dà tó ti jáde. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju ìlà 100 lọ pẹ̀lú àwọn ìlà tó yí i ká, ó gbọ́dọ̀ wo ohun tó ń dààmú ènìyàn ní tòótọ́ sàn, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀ka Linus ná. Mo ti fìgbà kan rò pé àṣejù ni òfin ìkẹyìn yìí, àfi ìgbà tí mo rí i pé àṣìṣe tí a bá tún ṣe nínú ẹ̀ka àtijọ́ nìkan yóò tún padà wá bá oníbàárà lọ́jọ́ tó bá bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú, ẹ̀dà 4.14 la ń tọ́jú. Lọ́jọ́ kan, mo fi git cherry-pick, àṣẹ tó ń da ìyípadà kọ láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, mú àwọn àtúnṣe 64 láti inú ẹ̀dà tuntun wá síbẹ̀. Gbogbo wọn wọlé, kò sí èyí tó yarí. Mo kọ́ kernel náà, mo sì fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹ̀rọ kan ti kọ̀, wọn kò tan mọ́. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo fi git bisect pín wọn sí méjì léraléra, ìdánwò mẹ́fà ni mo sì ṣe kí n tó mú èyí tó jẹ̀bi. Nínú ẹ̀dà tuntun, function kan, ìyẹn abala kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, ń dá nọ́ńbà àṣìṣe padà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n nínú 4.14, NULL, ìyẹn òfo, ló ń dá padà. Nọ́ńbà àṣìṣe nìkan ni àtúnṣe náà ń yẹ̀ wò, nítorí náà NULL kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan gidi ni, kernel sì dákú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkìtì kò nílò àlàyé púpọ̀: omi tí a ń ta sí iyán ògbólógbòó iṣu, bí a bá ta á sí ti iṣu tuntun, iyán náà yóò rọ̀ jù. Omi náà kò lẹ́bi, iṣu ló yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú àtúnṣe kankan wọlé, ẹ wo ìlà «Fixes:» tó wà nísàlẹ̀ àlàyé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ ìyípadà tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀. Bí ìyípadà ọ̀hún kò bá sí nínú ẹ̀ka tiwa, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà má tilẹ̀ sí lára wa. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí gbogbo function tí àtúnṣe náà ń pè nínú ẹ̀dà àtijọ́, kí ẹ sì kà á dé òpin. Iṣẹ́ yìí a máa súni, n kò ní parọ́ fún yín.

Ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹ̀ ń béèrè ìdí tí a kò fi tíì gbé e sọnù, òun ló jọ ti àwọn oníbàárà wa jù. Orí rẹ̀ ni gbogbo kernel tuntun yóò ti sùn ọjọ́ méjì kí ó tó jáde níbí.